Ọ̀rọ̀ Burúkú Nínú Ìtàn: Kí Ni Ká Fi Sí Ẹni Ibi Lẹ́nu?

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n bá yín sọ lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó ta kókó. Ó dá lórí èébú, èpè àti ọ̀rọ̀ rírùn nínú ìwé ìtàn, nínú eré àti nínú fíìmù. Àwa tí a kórìíra ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, kí ni ká ṣe bí ìtàn tí a fẹ́ sọ bá ní ẹni ibi nínú, tí ẹni ibi náà sì gbọ́dọ̀ la ẹnu rẹ̀?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òǹkọ̀wé ńláńlá nìkan ni. Ọ̀rọ̀ àdúgbò wa ni. Ṣómólú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó ń bọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ tẹ ìwé. Ẹ rìn gba Ṣípẹ̀olú àti Bajulaiye kọjá, ẹ óò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ óò rí àwọn tó ń gé bébà àti àwọn tó ń di ìwé. Ìwé ìléwọ́ ìjọ wà nínú ohun tí wọ́n ń tẹ̀, ìwé ìtàn náà wà níbẹ̀. Bàrígà ní tirẹ̀, ibùdó eré ni. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Crown Troupe of Africa, tí Ṣẹ́gun Adéfilà dá sílẹ̀ lọ́dún 1996, fi ṣe ilé. Lọ́dún 2009, Fẹ́mi Odùgbẹ̀mí ṣe fíìmù nípa ọkùnrin náà, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní Bariga Boy. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó yẹ kó jáde nínú ìwé àti lórí ìtàgé, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa ni à ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a kórìíra gan-an. Ọ̀rọ̀ burúkú kì í ṣe oríṣi kan. Àlùfàǹṣá wà, ìyẹn ni ká máa dárúkọ ìhòòhò ènìyàn ní gbangba láìnítìjú. Èpè wà, èyí tí Yorùbá ń bẹ̀rù ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí a gbà pé ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu lè rìn. Èébú ìran wà, tí à ń fi bàbá àti ìyá ẹni búni. Ẹ wo ọmọkùnrin méjì tó ń ṣe fà-á-ká-já-a ní ìbùdókọ̀ Ládì-Lak. Wọ́n lè pariwo fún wákàtí kan kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ti ní "Ìyá ẹ!", ẹ̀ṣẹ́ ti dé nìyẹn. Ìkẹrin ni èébú àbùkù: arọ, odi, wèrè, àgàn, ọmọ àlè.

Nínú mẹ́rin yìí, èwo ni etí wa nínú ìjọ máa ń tètè gbọ́? Èkínní ni. Bí òyìnbó bá sọ ọ̀rọ̀ rírùn kan ṣoṣo nínú fíìmù, a ó sáré wá ohun tí a fi ń pa tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọkọ bá jókòó nínú fíìmù Yorùbá, tó ń pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní ọkùnrin nítorí pé kò tíì rí ọmọ bí, a ó máa jẹ ẹ̀pà wa lọ, a ó tún máa rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, arábìnrin kan wà lórí àga kan náà pẹ̀lú wa tó ti ń retí ọmọ láti ọdún méje. Ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn kò ta bá a. Èyí tí a ń rín ni ó gún un lọ́kàn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju èyí lọ: bí ẹ bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ burúkú inú ìtàn lẹ́jọ́, ẹ má ṣe fi bó ṣe rùn nìkan dá a. Ẹ béèrè ẹni tó ń bà lé, kí ẹ sì béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ ṣí Bíbélì yín, ẹ jẹ́ ká wo bí Ìwé Mímọ́ ti ṣe é. Bíbélì kún fún àwọn eléèébú. Nínú 1 Sámúẹ́lì 17, Gòláyátì fi àwọn òrìṣà rẹ̀ gégùn-ún fún Dáfídì. A gbọ́ pé ó gégùn-ún, a sì gbọ́ ìhàlẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé náà kò ka èpè yẹn sí wa létí. Ẹ lọ sí Mátíù 26. Pétérù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè, ó sì ń búra. Ta ló mọ èpè tó ṣẹ́? Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ohun tó sọ tẹ̀ lé e, pé òun kò mọ ọkùnrin náà. Òǹkọ̀wé yọ èpè, ó fi sísẹ́ sílẹ̀, nítorí pé sísẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ tó wà nínú ìtàn náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa Bíbélì dé. Ní 1 Sámúẹ́lì 20, nígbà tí inú bí Sọ́ọ̀lù sí Jónátánì ọmọ rẹ̀, ìyá ọmọ náà ló fi bú u. Èyí wà nínú àkọsílẹ̀, wọn kò yọ ọ́. Kí ló dé? Ẹ ka ẹsẹ mẹ́ta sí iwájú, ẹ óò rí ọ̀kọ̀. Bàbá tó fi ẹnu sọ irú èyí sí ọmọ rẹ̀ ló ju ọ̀kọ̀ sí ọmọ náà. Èébú yẹn ni ọ̀kọ̀ àkọ́kọ́. Ní 2 Sámúẹ́lì 16, Ṣímẹ́ì ń sọ òkò, ó ń pe Dáfídì ní apànìyàn. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀sùn ni, ẹ̀sùn tó kan ilé Sọ́ọ̀lù, Dáfídì fúnra rẹ̀ kò sì jẹ́ kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Ní 2 Àwọn Ọba 18, Rábúṣákè dúró níwájú odi Jerúsálẹ́mù, ó ń sọ ohun tí àwọn ará ìlú yóò máa jẹ àti ohun tí wọn yóò máa mu nígbà tí ìyàn bá dé. Ọ̀rọ̀ náà rùn. Àwọn ìjòyè ti kọ́kọ́ ní kó jọ̀ọ́ kó fi èdè mìíràn sọ̀rọ̀ kí àwọn tó wà lórí odi má baà gbọ́. Ó kọ̀. Àwọn tó wà lórí odi gan-an ló fẹ́ dẹ́rù bà. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, a kò ní mọ irú ogun tó dojú kọ Hesekáyà.

Ọ̀nà kẹta tún wà. Ní Jóòbù 2, níbi tí ìyàwó Jóòbù ti ní kí ọkọ òun bú Ọlọ́run kó sì kú, àwọn tó mọ èdè Hébérù sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ "súre" ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò fẹ́ kí "bú" àti "Ọlọ́run" jókòó pọ̀ lójú ewé kan náà, ó fi òdì-kejì rẹ̀ dípò, gbogbo ẹni tó sì ń kà á ló mọ ohun tó ń wí. Àwa Yorùbá mọ irú èyí dáadáa. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń pe ṣọ̀pọ̀nná ní ilẹ̀ẹ́gbóná. Àdàpè ni.

Nítorí náà ọ̀nà mẹ́ta ni: sísọ pé ó bú u láìka èébú náà, kíka èébú náà bó bá ń ṣe iṣẹ́, àti àdàpè. Ẹni tó bá ní Kristẹni kò gbọdọ̀ kọ èébú kankan sílẹ̀ rárá, kó kọ́kọ́ lọ yọ ọ́ nínú ìwé Sámúẹ́lì. Ẹni tó bá sì ní òun gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ tán kí ìtàn òun tó lè jọ òótọ́, kó lọ béèrè lọ́wọ́ Mátíù.

Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tí mo ń ṣe, a máa ń rí ohun tó jọ èyí. Bí òṣìṣẹ́ kan bá kọ̀wé ẹ̀sùn pé ọ̀gá òun bú òun, ìgbìmọ̀ kò lè fi ìyẹn nìkan dá ẹjọ́. Wọn á béèrè pé, "Kí ló sọ gan-an?" Ó lè jẹ́ pé "ọ̀lẹ ni ẹ́" ni ọ̀gá wí. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yà rẹ̀ ló fi bú u, tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ. Kúẹ́rì tí wọn yóò fún ẹni tó sọ ti ìṣáájú kò lè dọ́gba pẹ̀lú èyí tí wọn yóò fún ẹni tó sọ ti ìkẹyìn. Àwọn ìgbà kan wà tí òdodo kò lè dúró bí a kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ti sọ ọ́.

Àwọn àgbà tó kọ ìtàn ní èdè wa náà mọ èyí. Ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tí Isaac Thomas ń ṣe olóòtú rẹ̀, gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde láti 1929 sí 1930. Aṣẹ́wó tí ara rẹ̀ kò yá mọ́ ló ń ròyìn ayé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹsẹ Bíbélì àti orin ìjọ kún inú rẹ̀, àwọn kan láàárín àwọn òǹkàwé sì gbà pé Ṣẹ̀gilọlá wà láàyè. Ayé tí kò mọ́ ni ìtàn náà sọ, ẹnu ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́, síbẹ̀ ilé Kristẹni ni wọ́n ti ń kà á. Fágúnwà náà, olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ, tí ilé ìtàwé CMS tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1938, kò pa àwọn òṣìkà rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Nínú Igbó Olódùmarè, tó jáde lọ́dún 1949, Olówó-ayé àti Èṣù-kékeré-òde ń fi ọ̀rọ̀ nà ara wọn kí wọ́n tó wọ̀yá ìjà. Ìfúnnu, àfiwé àti òwe ló fi gbé ìbínú wọn jáde, àwọn olùkọ́ sì ń kà á sókè ní kíláàsì. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìjà ló dé ni orin dòwe. Ẹni tó bá gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa kì í ṣe aláìní èébú. Àlùfàǹṣá ni ibi tí ẹni tí èdè tán mọ́ lẹ́nu máa ń sá sí.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá ní tirẹ̀ kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tó jáde lọ́dún 1970, nípa Ìyálóde Ìbàdàn tó ṣòfin pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Ẹnu obìnrin náà nínú eré yẹn korò sí àwọn ẹrú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fọ ẹnu Ẹfúnṣetán mọ́, kò fọ Ẹfúnṣetán mọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó fi ìyà àwọn ẹrú rẹ̀ pamọ́. Ẹ tún rántí Àgbára Ńlá, fíìmù Mount Zion tí Mike Bamiloye dá sílẹ̀ lọ́dún 1985. Kì í ṣe àlùfàǹṣá ló ń mú kí ọmọdé sá sẹ́yìn àga bí Ìṣawúrú bá ti yọ. Ohùn rẹ̀, ìfúnnu rẹ̀ àti ohun tó lè ṣe ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú un sún mọ́ ilé. Nínú ìjọ kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kọ eré nípa ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n mú wá láti abúlé. Nínú ohun tí wọ́n kọ, màdáámù náà bú ọmọ yìí bí ẹni láyin. Díẹ̀ nínú rẹ̀ dárúkọ ẹ̀yà ara, àwọn kan jẹ́ èpè, àwọn kan sì lọ báyìí: "Ìwọ ọmọ tí wọn ò mọ bàbá ẹ̀, irú ẹ ni wọ́n ń kó sórí ààtàn." Àwọn àgbààgbà ka ìwé náà, wọ́n sì fi gègé pupa fa gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe eré ọ̀hún, ohun tí màdáámù sọ ni pé, "Ìwọ ọmọ yìí, inú mi ò dùn sí ẹ o." Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìgbátí tó tẹ̀ lé e náà di ẹ̀rín. Eré tó yẹ kó bá wa wí di àwàdà, a rẹ́rìn-ín, a lọ sílé.

Àwọn àgbààgbà náà kò ṣe ibi. Ilé Ọlọ́run ni, àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, ìkìlọ̀ inú Éfésù 4 sì wà lọ́kàn wọn. Àwọn ọ̀dọ́ náà kò ṣe ibi, ohun tí wọ́n ń gbọ́ láti ojú fèrèsé ilé kejì ni wọ́n kọ. Ohun tó sọnù ni ìbéèrè tí mo béèrè lẹ́ẹ̀kan: èwo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ló ń ṣe iṣẹ́? Dídárúkọ ẹ̀yà ara kò ṣe iṣẹ́ kankan, ó yẹ kó lọ. Èpè gígùn náà kò ṣe é sí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́nu, a lè jẹ́ kí aládùúgbò kan wọlé kó ní, "Màdáámù, irú èpè wo lẹ̀ ń ṣẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ láti òwúrọ̀?" Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, ti ọmọ tí wọn ò mọ bàbá rẹ̀, ó yẹ kó dúró. Kò rùn, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀bẹ. Ó sọ ìdí tí màdáámù fi rò pé òun lè na ọmọ yìí: kò ní ẹni tó máa bi òun. Ẹni tó bá yọ ọ́ ti yọ ẹ̀sùn kúrò nínú ìwé ẹjọ́.

Ìjọba pàápàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń ṣeni léṣe. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2007 láti dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé kò ka lílù nìkan sí ìwà ipá, ó ka fífi ọ̀rọ̀ ẹnu jẹni níyà mọ́ ọn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó náà jáde lọ́dún kan náà. Bí òfin bá gbà pé ọgbẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀, ìtàn wa kò gbọdọ̀ bo ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń kọ̀wé, ìmọ̀ràn mi nìyí. Èkínní, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ, kí ẹ tó wá máa yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìtàn kò bá pàdánù nǹkan kan, ẹ má ṣe dá a padà. Èkejì, ẹ lo ohun tí Yorùbá fún yín. Ẹ lè kọ ọ́ pé ó fi èébú wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ lè jẹ́ kó pòṣé, kó yọ ṣùtì, kó na ìka márààrún sí i lójú. Èkẹta, ẹ má fi ìràwọ̀ bo àárín ọ̀rọ̀ rírùn. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà kan tí ẹ sì to ìràwọ̀ lé e, òǹkàwé ló máa parí ọ̀rọ̀ náà nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ ti fi òun ṣe ẹni tó bú èébú náà. Èkẹrin, ẹ má ṣe fi orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìjọ fún ẹni tí wọ́n máa ṣépè fún nínú eré, ẹ má sì fi èpè kọ́ ọmọdé ní ìdánrawò. Ọmọdé kì í mọ ibi tí eré parí sí.

Ẹ̀yin tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, ẹ ka ìwé kí ẹ tó gba owó ìṣáájú. Bí ọkàn yín kò bá gbà á, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohun tí kò tọ́ ni kí ẹ gba owó tán kí ẹ wá máa yọ ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ní bòókẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ yọ lè mọ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, irọ́ ṣì ni.

Ẹ̀yin òbí, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, National Film and Video Censors Board, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, máa ń fi àmì sára fíìmù: G fún tẹbí-tará, PG níbi tó yẹ kí òbí wà nítòsí, 12, 15 àti 18 fún ọjọ́ orí. Ẹ máa wò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ló ń bọ́ sórí YouTube báyìí, fóònù sì wà lọ́wọ́ ọmọ. Àmì kò lè ṣe iṣẹ́ òbí. Ẹ jókòó tì wọ́n. Bí ẹni kan bá bú ẹlòmíràn nínú fíìmù, ẹ má kàn pa á. Ẹ bi ọmọ yín pé, "Kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀ sí i? Ta ni ọ̀rọ̀ yẹn dùn?" Ọmọ tó bá ti dáhùn ìbéèrè yìí ní ìgbà mélòó kan kò ní pe ọmọ aládùúgbò ní arọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Bí a bá ti yọ gbogbo èébú nínú ìwé eré tán, tí a sì pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó ń jáde nínú ilé ìdáná wa ní aago márùn-ún ìdájí, nígbà tí ọmọ ọ̀dọ̀ bá fọ́ abọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ìtàn tó jẹ́ ká gbọ́ ara wa, bó tilẹ̀ korò létí, ó sàn ju èyí tó fọ ẹnu wa mọ́ níwájú pẹpẹ tí ó sì fi ọmọ náà sílẹ̀ sínú ilé ìdáná. Kí Olúwa ṣọ́ ètè wa, kó sì la etí wa. Àmín.